Iṣẹ́ Míṣọ́n àti Ìtọ́jú Aláìní: Ìbéèrè Tí Àwọn Ọmọ Ìjọ Máa Ń Bi Wá, àti Ìdáhùn Wọn

Ó ti lé lọ́dún mẹ́sàn-án tí mo ti wà nínú ìgbìmọ̀ míṣọ́n ìjọ wa ní Ìbàdàn. Bóyá lẹ́yìn ìsìn ni o, bóyá lórí WhatsApp ni o, ìbéèrè kan náà ló ń padà wá. Mo kó wọn jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe máa ń dáhùn wọn lójúkojú.

Kí ni à ń pè ní iṣẹ́ míṣọ́n gan-an? Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ ni?

Iṣẹ́ míṣọ́n ni kí ìjọ rán èèyàn lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ìhìnrere kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn, kí ẹni náà máa gbé láàárín wọn, kó gbọ́ èdè wọn, kó jẹ oúnjẹ wọn, kó sì wàásù Jésù fún wọn.

Àwọn òyìnbó ṣiṣẹ́, a ò ní sẹ́ ẹ. Àwọn ọmọ wa ló kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè wọ́n. Láti nǹkan bí ọdún 1839 ni àwọn Sàró, àwọn tí wọ́n gbà kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú tí wọ́n sì di onígbàgbọ́ ní Freetown, ti ń padà wá sí Àgbádárìgì àti Abẹ́òkúta. Ní 1841, ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ James Ferguson kọ̀wé láti Àgbádárìgì sí àwọn Mẹ́tọ́díìsì ní Freetown pé kí wọ́n rán olùkọ́ wá. Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní September 24, 1842. Ní January 1843, Henry Townsend ti CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́n ìjọ Áńgílíkà, wọ Abẹ́òkúta. Lẹ́tà ọmọ ìjọ tí kì í ṣe àlùfáà ló ṣáájú àwọn méjèèjì.

Lóde òní, àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ nínú àwọn tó ń lọ. Ẹgbẹ́ EMS tí ó wà lábẹ́ ìjọ ECWA ti ń rán èèyàn láti 1948. Ẹgbẹ́ míṣọ́n CAPRO bẹ̀rẹ̀ ní Zaria ní 1975 láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ń sin ilẹ̀ baba wọn. Owó àti àdúrà àwọn tó wà nílé ni gbogbo wọn fi ń ṣiṣẹ́.

Ṣé dandan ni kí n kó ẹrù mi lọ sí Òkè Ọya kí n tó lè kópa?

Rárá o. Ẹni tó bá ti rí àwọn agbẹ́kàǹga lẹ́nu iṣẹ́ á mọ ohun tí mò ń sọ. Ọ̀kan wà nísàlẹ̀ nínú òkùnkùn, ó ń wa ilẹ̀ sínú garawa. Èkejì wà lókè, okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò létí kàǹga. Bí ẹni òkè bá já okùn sílẹ̀ lọ wá oúnjẹ, ewu ni fún ẹni ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe.

Jésù fúnra rẹ̀ ní irú àwọn bẹ́ẹ̀. Lúùkù orí 8 dárúkọ Màríà Magidalénì, Jòánà aya Kúsà tó jẹ́ ìríjú Hẹ́rọ́dù, àti Sùsánà, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ obìnrin mìíràn tí wọ́n ń fi ohun ìní wọn ṣe ìtọ́jú rẹ̀ àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Pọ́ọ̀lù kò gbàgbé àwọn ará Fílípì pé nígbà tó wà ní Tẹsalóníkà, ẹ̀ẹ̀kan àti ẹ̀ẹ̀kejì ni wọ́n ránṣẹ́ sí i nígbà tó ṣe aláìní. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, irú wọn ni yín.

Owó mi kò tó nǹkan. Kí ni ẹgbẹ̀rún kan náírà fẹ́ ṣe?

Ìbéèrè yìí ni mo ń gbọ́ jù, òun náà ló sì máa ń dùn mí jù, nítorí àwọn tó ń bi í ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ yìí jù láìmọ̀.

Ìyá kan wà ní ìjọ wa tó ń dín àkàrà ní ìdájí. Ó ní kóló onígi kan tó gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá ẹ̀wà. Bó bá ti ta àkàrà àkọ́kọ́, kóló lowó rẹ̀ ń bá lọ kó tó ka ìyókù. Lọ́dọọdún, nígbà ìkórè, á gbé e wá sọ́dọ̀ wa, a ó fọ́ ọ lójú rẹ̀. Òórùn epo máa ń wà lára owó náà, àwọn mìíràn ti lẹ̀ mọ́ra débi pé a ní láti fi ọwọ́ tú wọn jẹ́jẹ́. Láti ọdún tó ti bẹ̀rẹ̀, owó rẹ̀ kò já rí. Àwọn kan wà tí wọ́n dìde lọ́jọ́ ìsìn míṣọ́n, tí wọ́n pariwo iye ńlá, tí a kò gbúròó kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn títí di òní.

Ní ìpínlẹ̀ Mizoram ní ìhà ìlà oòrùn àríwá Íńdíà, láti nǹkan bí 1910 ni àwọn obìnrin ìjọ Presbyterian ti ń bu ìkúnwọ́ ìrẹsì kan sọ́tọ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ dáná. Ìjọ á kó o jọ, wọ́n á tà á, owó rẹ̀ á sì lọ sí iṣẹ́ ìhìnrere. Àgbẹ̀ orí òkè ni wọ́n nígbà náà, wọn kì í ṣe olówó. Wọ́n ṣì ń ṣe é. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ohun tí míṣọ́nnárì fẹ́ mọ̀ ni pé ní ìparí oṣù, iye báyìí ń bọ̀. Ẹgbẹ̀rún kan tó ń wọlé lóṣooṣù láìyẹ̀, á lè fi ra gààrí sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún tó dé lẹ́ẹ̀kan tí kò dé mọ́, ọpẹ́ ni a ó dá, ṣùgbọ́n kò lè fi san owó ilé ìwé ọmọ títí dé òpin ọdún.

Yàtọ̀ sí owó, kí ni mo tún lè ṣe?

Ẹ pè wọ́n lórí fóònù. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé àwọn èèyàn kò kà á sí nǹkan. Míṣọ́nnárì tó wà ní abúlé tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ Yorùbá lè lo oṣù mẹ́ta láì gbọ́ kí ẹnìkan kí òun pé “ẹ kú iṣẹ́ o” lédè ìyá rẹ̀. Ẹ béèrè orúkọ àwọn ọmọ. Ẹ rántí ọjọ́ ìbí wọn. Bí wọ́n bá wálé fún ìsinmi, ẹ fún wọn ní yàrá kan àti kọ́kọ́rọ́, ẹ má sì kó ètò ìwàásù lé wọn lórí láti Sunday dé Sunday.

Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ yín náà. Mẹkáníìkì lè tún ọ̀kadà wọn ṣe dáadáa kí wọ́n tó padà lọ. Nọ́ọ̀sì lè bá ìjọ lọ yẹ ìfúnpá wò fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó mọ ìṣirò owó lè bá ẹgbẹ́ míṣọ́n kékeré kọ ìwé owó wọn kó mọ́lẹ̀. Ìdílé tó wà ní ìlú ńlá lè gba ọmọ míṣọ́nnárì kan sọ́dọ̀ kó lè lọ ilé ìwé girama, níwọ̀n ìgbà tí wọn ò bá ní sọ ọ́ di ọmọ ọ̀dọ̀.

Báwo ni mo ṣe lè gbàdúrà fún ẹni tí n kò rí rí?

Ẹ gba ìròyìn wọn, kí ẹ fi orúkọ àti ọjọ́ sí àdúrà yín. “Olúwa, ran àwọn tó wà ní pápá lọ́wọ́” dára, àmọ́ kì í pẹ́ tó fi ń sú ni. “Olúwa, ọjọ́ Thursday ni wọ́n fẹ́ lọ rí baálẹ̀ nítorí ilẹ̀ ilé ìwé” kò lè sú yín, nítorí pé ní Friday ẹ máa fẹ́ gbọ́ ibi tó já sí.

Àwọn Moravian, ìjọ onígbàgbọ́ kan ní Herrnhut ní Jámánì, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ṣọ́ àdúrà ní 1727, wọ́n pín wákàtí mẹ́rìnlélógún láàárín ara wọn, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí ó tó dáwọ́ dúró. Ní 1732, ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n rán àwọn méjì àkọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹrú ní erékùṣù St. Thomas. Ọ̀kan jẹ́ amọ̀kòkò, èkejì jẹ́ káfíńtà.

A fẹ́ kó aṣọ àti oúnjẹ jọ ránṣẹ́ sí pápá. Kí ni kí a kó?

Ẹ kọ́kọ́ béèrè. Mo sọ ọ́ nítorí ohun tí èmi fúnra mi ṣe. Lọ́dún kejì tí mo wọ ìgbìmọ̀, èmi ni mo ṣe olórí àwọn tó kó aṣọ jọ fún ibì kan ní Òkè Ọya. Àpò mẹ́rìnlá la dì. A kọrin, a gbàdúrà lé e lórí, a san owó ọkọ̀. Nígbà tí mo débẹ̀ lóṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, mo rí àwọn àpò náà nínú yàrá ìgbẹ̀yìn, mẹ́sàn-án nínú wọn wà ní dídì síbẹ̀. Bàtà gogoro wà níbẹ̀, kóòtù wà níbẹ̀, àti síkẹ́ẹ̀tì tí obìnrin kankan kò lè wọ̀ jáde ní abúlé náà kí ojú má tì í. Ìyàwó míṣọ́nnárì kò sọ nǹkan kan. Ó gbé omi fún mi. Omi náà rí pọ́npọ́n, mo sì wá gbọ́ pé pọ́ǹpù abúlé ti bàjẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ohun tí wọ́n sì nílò láti tún un ṣe kò tó owó ọkọ̀ tí a fi kó àpò wá. Bí mo bá ti béèrè ni, wọn ì bá ti sọ fún mi.

Láti ìgbà náà, ìyàwó míṣọ́nnárì ni a máa ń pè kí a tó di ẹrù. Ohun tí wọ́n máa ń béèrè kì í jọ ohun tí a rò: bátìrì tọ́ọ̀ṣì, oògùn ibà, ìwé kíkà fún àwọn ọmọdé, awò ojú fún kíkàwé, èlùbọ́ àti irú tí wọn kò rí rà níbẹ̀. Èlùbọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí ẹ sì dì í sínú ọ̀rá ìlọ́po méjì, nítorí kòkòrò. Bó bá jẹ́ ohun tí wọ́n lè rí rà ní ọjà tó wà nítòsí wọn ni, owó ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Kò ní sí owó ọkọ̀ láti san, ará ọjà wọn á sì jèrè.

Oníṣòwò ni mí, n kò mọ ìwàásù. Ṣé iṣẹ́ mi wúlò?

Àwọn oníṣòwò ló gbé ìjọ Baptist dé ọ̀pọ̀ ìlú ní Gánà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń ru ọjà lọ sí Tamale, Kumasi àti àwọn ìlú mìíràn. Níbi tí wọ́n bá pa àgọ́ ìṣòwò sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ìsìn, nínú yàrá tàbí lábẹ́ igi, kí ilé ìjọsìn tó dìde. Kò sí ẹni tó san owó oṣù fún wọn. Ákúílà àti Pírísílà tí wọ́n ń ran àgọ́ pẹ̀lú Pọ́ọ̀lù ní Kọ́ríńtì ni baba àti ìyá wọn nínú iṣẹ́ náà.

Kí a sọ òótọ́ tó kù. Yorùbá ni wọ́n ń fi jọ́sìn, torí náà, ọ̀pọ̀ onílẹ̀ kò wọlé. Nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ ní November 1969 pé kí àjèjì tí kò níwèé fi Gánà sílẹ̀, àwọn tó ń kún ìjọ wọ̀nyẹn ló kó ẹrù wọn. Bí ọjà bá gbé yín lọ síbì kan lónìí, ẹ kọ́ èdè ibẹ̀, kódà kó jẹ́ èdè ìnájà nìkan lẹ kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ jẹ́ olóòótọ́ nídìí òṣùwọ̀n. Ẹni tí ẹ kò rẹ́ jẹ nínú kóńgò á lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín.

Aláìní pọ̀ ní àdúgbò mi. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Tímótì Kìíní 5:8 le lórí ẹni tí kò pèsè fún àwọn ará ilé rẹ̀. Bí ìyá yín tàbí àbúrò yín kò bá rí jẹ tí ẹ sì ń gbé ìrẹsì lọ sílé ọmọ aláìlóbìí, ẹ padà sílé ná.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú èèyàn kan tàbí ìdílé kan. Má ṣe mú ogún. Dọ́káàsì ní Jópà, aṣọ ló ń rán fún àwọn opó, nígbà tó sì kú, ohun tí àwọn opó náà fi han Pétérù ni aṣọ tó rán, wọ́n ń gbé e sókè, wọ́n ń sunkún. Ó mọ ìwọ̀n ọrùn àti èjìká wọn. Irú ìtọ́jú tí mò ń sọ nìyẹn: kí ẹ mọ̀ pé ọmọ opó yìí fẹ́ ṣe WAEC lọ́dún yìí, pé ẹsẹ̀ ìyá àgbà yìí ń dùn ún, kò lè rìn dé ibi omi.

A fẹ́ ran àwọn aláìsàn tí kò rí owó ilé ìwòsàn san lọ́wọ́. Báwo ni a ṣe máa ń ṣe é?

Ní ilé ìwòsàn ìjọba ńlá, ẹ wá àwọn tí wọ́n ń pè ní medical social worker. Àwọn ló mọ ẹni tí dókítà ti ní kó máa lọ sílé tí owó kò jẹ́ kó lọ, àti ẹni tí oògùn rẹ̀ ti tán láti àná. Ẹ san owó náà níbi tí wọ́n ti ń gbowó, ní orúkọ aláìsàn náà, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹ má fi owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn.

Bí ẹ kò bá ní owó rárá, ẹ ṣì lè wúlò. Alárùn tí ará rẹ̀ kò pọ̀ ń fẹ́ ẹni tó máa bá a lọ gba èsì àyẹ̀wò, ẹni tó máa bu omi gbígbóná fún un, ẹni tó máa jókòó tì í kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́rin lè lọ wẹ̀.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n ńkọ́? Ẹ̀rù ń bà mí.

Ẹ má dá lọ. Ìjọ tàbí ẹgbẹ́ tó ti ń lọ tẹ́lẹ̀ á ti gba àṣẹ, wọ́n á sì sọ ohun tí wọn kì í jẹ́ kí èèyàn mú wọlé. Ọṣẹ, búrọ́ọ̀ṣì eyín, oògùn èkúrú ara àti páàdì fún àwọn obìnrin ni wọ́n sábà máa ń nílò.

Ó lé ní ìdajì àwọn tó wà ní àtìmọ́lé káàkiri Nàìjíríà tí ilé ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́bi. Wọ́n ń retí ìdájọ́ ni. Àwọn kan wà níbẹ̀ nítorí owó ìtanràn tí kò tó iye tí a fi ń ra ankárá ìgbéyàwó. Bí lọ́yà bá wà nínú ìjọ yín, kí ó ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣù láti bá wọn wo ìwé ẹjọ́. Mo rò pé iṣẹ́ ìhìnrere tó níyì ni, àwọn tó sì ń ṣe é kò pọ̀ rárá.

Èwo ló yẹ kó gba owó mi, ìwàásù ni àbí oúnjẹ?

Jákọ́bù 2 kò jẹ́ ká yà wọ́n. Ẹ kò lè sọ fún ẹni tí ebi ń pa pé kó máa lọ ní àlàáfíà. Àwọn tó mú ìhìnrere dé ọ̀dọ̀ wa kò yà wọ́n náà. Àwọn Àgùdà dá ilé ìwòsàn Lántòrò sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1895, iṣẹ́ ìṣègùn Baptist bẹ̀rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1907.

Ní Ìbàdàn níbí, David àti Anna Hinderer dé ní 1853, wọ́n sì tẹ̀dó sí Kúdẹtì. Anna ń tọ́ ọmọ. Olóyè Olúnlóyọ̀ fa ọmọ rẹ̀ méjì, Akínyẹlé àti Yéjídé, lé e lọ́wọ́. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ ní 1860 tí ọ̀nà etíkun dí, owó wọn tán, oúnjẹ tán, wọ́n ń ta ohun èlò ilé kí wọ́n lè jẹun, àwọn ará ìlú sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó yẹ kí ọmọ Ìbàdàn mọ apá ìtàn yìí: àwọn baba ńlá wa, tí púpọ̀ nínú wọn kò tíì gbà gbọ́, ti bá wa di okùn mú rí.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé ẹgbẹ́ kan kì í ṣe ti gbájúẹ̀?

Ẹ wò ó bóyá ó forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ lè wá orúkọ rẹ̀ fúnra yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì àjọ náà. Kí àkáǹtì jẹ́ ti ẹgbẹ́, kó má jẹ́ orúkọ ẹnìkan. Kí ó tó èèyàn méjì tó ń buwọ́ lùwé kí owó tó jáde. Ẹ béèrè ìròyìn ọdún tó kọjá, kí ẹ sì tẹ etí sílẹ̀ bóyá wọ́n á sọ ohun tí kò yọrí sí rere. Ẹgbẹ́ tí gbogbo nǹkan ń dùn fún lọ́dọọdún máa ń kọ mí lóminú.

Kì í ṣe àìnígbàgbọ́ láti béèrè. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń kó ọrẹ lọ sí Jerúsálẹ́mù, ó ní kí àwọn ìjọ yan àwọn tó máa bá a gbé e, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ohun sọ sí i. Ẹ ka Kọ́ríńtì Kejì 8:18 sí 21. Bí àpọ́sítélì bá fara mọ́ ọn, kí ló dé tí olórí ẹgbẹ́ kan fi máa bínú?

Òkè òkun ni mo wà. Ṣé kí n fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sílé ni?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ wà. Ilé oúnjẹ ọ̀fẹ́ tó wà ní òpópónà yín ń wá ẹni tó máa to agolo sórí pẹpẹ ní Saturday, ọmọ Yorùbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láìmọ ẹnìkan sì wà ní ìlú yẹn.

Tí ẹ bá ń san owó orí ní Britain, tí ẹ sì fọwọ́ sí Gift Aid, ẹgbẹ́ aláàánú tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ lè gba péńsì 25 lé pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fún un, láti ọwọ́ ìjọba. Torí náà, ẹ béèrè bóyá ẹgbẹ́ míṣọ́n tí ẹ fẹ́ràn ní ẹ̀ka lọ́dọ̀ yín. Bí ẹ bá ń fi owó ránṣẹ́ sílé, ẹ má gbé e gba ọwọ́ pásítọ̀ kan ṣoṣo tí kò sí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo ti ń fi iye kan náà ránṣẹ́ láti 2019. Ṣé ó yẹ kí n yí i padà?

Bẹ́ẹ̀ ni, bí agbára yín bá gbé e. Nígbà tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní June 2023, àwọn míṣọ́nnárì wa tó wà ní Benin, Tógò àti orílẹ̀-èdè Niger ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára, nítorí sẹ́fà ni wọ́n fi ń ra oúnjẹ. Owó tí a ń fi ránṣẹ́ kò dín kọ́bọ̀ kan nínú ìwé wa, àwọn ni wọn kò rí ìdajì oúnjẹ tẹ́lẹ̀ rà. Àwọn tó wà nílé náà rí i nídìí owó ọkọ̀, lẹ́yìn tí owó ìrànwọ́ epo ti lọ ní May ọdún náà. Púpọ̀ nínú wọn kò ní sọ ọ́. Ẹ̀yin ni kí ẹ béèrè.

Ṣé ó burú kí a ya fọ́tò nígbà tí a bá ń fún aláìní ní nǹkan?

Bí a bá ṣoore, a kì í lóṣòó tì í. Ẹ wo ara yín bí ẹni tó wà ní ìhà kejì: opó ọlọ́mọ mẹ́ta, ó di ọ̀rá ìrẹsì mú, àwọn mẹ́fà yí i ká, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà, lọ́la ọmọ rẹ̀ á rí i lórí Facebook ní ilé ìwé. Ẹ ya fọ́tò àpò ìrẹsì kí ẹ tó gbé e lọ, tí ìjọ bá fẹ́ ẹ̀rí. Orúkọ àti ìwé ìfọwọ́sí wà fún akápò.

Mùsùlùmí ni aládùúgbò mi tó nílò ìrànlọ́wọ́. Ṣé kí n kọ́kọ́ wàásù fún un?

Ẹ fún un lóúnjẹ. Aláàánú ará Samáríà kò béèrè ibi tí ẹni tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ń lọ jọ́sìn. Ní ilẹ̀ Yorùbá, inú ilé kan náà ni ẹ̀gbọ́n ti ń lọ mọ́ṣáláṣí tí àbúrò ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá fi ìrẹsì dẹ pàkúté, gbogbo ilé á gbọ́.

Bó bá béèrè ìdí tí ẹ fi ṣe é, ẹ sọ fún un láìfi bò. Ẹ má tijú Jésù. Ohun tí mo kọ̀ ni kí oúnjẹ di owó tí a fi ń ra ìpinnu lọ́wọ́ ẹni tí ebi ń pa, nítorí kò ní lágbára láti sọ pé rárá.

Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń ran ẹnìkan lọ́wọ́, kò kúrò lójú kan. Kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè yìí le, n kò sì ní ìdáhùn kan fún gbogbo èèyàn. Àwọn kan wà tí wọn kò ní kúrò lójú kan láéláé: arúgbó tí kò bímọ, aláàrùn ọpọlọ, ọmọ tí kò lè dá rìn. Ẹ máa tọ́jú wọn lọ.

Fún ẹni tó ní okun, òfin pípèéṣẹ́ nínú Léfítíkù 19 tọ́ mi sọ́nà. Olóko kò kó ọkà wá sílé aláìní. Ó fi eteetí oko sílẹ̀, aláìní sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kórè. Torí náà, ẹ jókòó bá a sọ̀rọ̀, kó fúnra rẹ̀ sọ iṣẹ́ tó lè ṣe. Ẹ má yan òwò fún un. A ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún ẹnìkan rí tí kò fẹ́ràn ìránṣọ. Ó tà á. Ẹ bá a wá alájọ, ẹ jọ dá ọjọ́ tí oúnjẹ oṣooṣù á dín, kí ẹ sì dúró lórí rẹ̀ láìgbé ohùn sókè. Bó bá ṣubú lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe ọ̀lẹ ló fi í hàn. Òwò ń ṣubú lọ́wọ́ àwa náà.

Ọmọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì ní òun fẹ́ lọ ṣe míṣọ́nnárì. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.

N kò ní bá yín bẹ̀ ẹ́, ẹ má bínú. Mo mọ owó tí ẹ ná, mo mọ ohun tí ẹ ń retí, mo sì mọ̀ pé ìròyìn ibi tó ń bọ̀ láti Òkè Ọya ń bà yín lẹ́rù. Ẹ̀rù yẹn kò burú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí, ìgbà tí wọ́n ń sìnrú ìlú ni ọkàn wọn ti fà sí i, nígbà tí àwọn kọ́pà onígbàgbọ́ jọ ń wọ abúlé lọ wàásù. Ẹ bi í léèrè ohun tó rí níbẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ìbéèrè òbí. Ẹgbẹ́ wo ló fẹ́ bá lọ? Oṣù mélòó ni wọ́n fi ń kọ́ni kí wọ́n tó ránni jáde? Bó bá ṣàìsàn, ta ni yóò gbé e, ilé ìwòsàn wo ló sì sún mọ́ ibẹ̀ jù? Bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀, ètò wo ni wọ́n ní láti kó wọn kúrò? Ṣé wọ́n ń fi nǹkan pamọ́ fún ọjọ́ ogbó wọn? Ẹgbẹ́ tó dára á ní ìdáhùn, inú wọn á sì dùn pé ẹ béèrè. Kí ọmọ náà kọ́kọ́ lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí oṣù mẹ́ta, kó wá ròyìn fún yín.

Bó bá tún wá ní òun ń lọ, ẹ bá a ra àpò. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù ẹni tí ẹ lè pè tí tirẹ̀ kò bá lọ, kí ẹ sì bi í ní ọjọ́ wo láàárín ọ̀sẹ̀ ni nẹ́tíwọ̀kì máa ń wà ní abúlé náà.